Ìtàn Ìsìnpọ̀ Algae àti Bakitéríà fún Ìpèsè Epo

Algae ni ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ó máa ń sọ ojú omi adágún di àwọ̀ ewé. Gẹ́gẹ́ bí ewéko, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Àwọn irú kan a sì máa kó ọ̀rá pamọ́ sínú ara wọn, èyí tí a lè sọ di epo dísẹ́lì. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sin algae ka bakitéríà sí ẹlẹ́gbin tí ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Bí èrò yìí ṣe yí padà ni ìtàn tí a ń pa níhìn-ín.

Inú adágún omi ìdọ̀tí ni a ti kọ́kọ́ lo àjọṣe àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1957, William Oswald àti Harold Gotaas ti Yunifásítì California ní Berkeley ṣàlàyé rẹ̀: bakitéríà ń jẹ ìdọ̀tí, ó sì ń tú kábọ́ọ̀nù dáíọ́ksáídì àti èròjà ajílẹ̀ sílẹ̀, algae ń fi ìwọ̀nyí dàgbà, ó sì ń pèsè ọ́síjìn fún bakitéríà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní ọdún 1960, Oswald àti Clarence Golueke dábàá pé kí a kórè algae bẹ́ẹ̀, kí a jẹ́ kí ó jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, kí a sì fi gáàsì mẹ́tẹ́ènì tí ó bá jáde ṣe iná mànàmáná.

Lẹ́yìn ọ̀wọ́n epo àwọn ọdún 1970, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ètò ìwádìí kan kalẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1978, tí ó sì parí ní 1996. Wọ́n ṣa nǹkan bí 3,000 irú algae jọ, wọ́n sì ná nǹkan bí mílíọ̀nù 25 dọ́là. Ṣùgbọ́n àwọn irú tí wọ́n yàn kì í sábà pẹ́ nínú adágún gbangba; àwọn irú ìbílẹ̀ ni ó ń gba ipò wọn. Epo náà sì wọ́n ju epo rọ̀bì lọ.

Ní ọdún 2000, Luz González àti Yoav Bashan fi ìwádìí kan hàn láti Mẹ́síkò. Wọ́n pa Chlorella vulgaris, irú algae kan, pọ̀ mọ́ bakitéríà Azospirillum brasilense, tí a mọ̀ mọ́ gbòǹgbò irúgbìn, algae náà sì pọ̀ sí i. Ìwádìí ọdún 2002 fi hàn pé ọ̀rá rẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2005, Martin Croft, Alison Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Bìrìtìkó kéde pé nínú 326 irú algae tí wọ́n yẹ̀ wò, 171 kò lè ṣe aláìrí fítámì B12 gbà láti ìta, àti pé bakitéríà lè pèsè rẹ̀ fún wọn.

Ọ̀ràn yìí kan ìlú bí Accra gbọ̀ngbọ̀n. Mamobi, àdúgbò tí èrò pọ̀ sí, múlé ti Nima. Omi ìdọ̀tí àdúgbò méjèèjì ń gba gọ́tà ṣàn lọ sí odò Odaw, ó ń dé ọ̀sà Korle, ó sì ń wọ òkun. Ajílẹ̀ tí ìbá bọ́ algae ń bá a lọ. Ní Legon, tí kò jìnnà sí Mamobi, àti ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, adágún ìwẹ̀nùmọ́ wà tí algae àti bakitéríà ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ìmọ́tótó ni wọ́n wà fún, kì í ṣe epo.

Ìṣòro méjì ni ó ṣì dúró. Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀: adágún ń fẹ́ àyè gbígbòòrò àti oòrùn, ilé sì ti kún Mamobi. Ìkejì ni ìkórè: yíyọ algae kúrò nínú omi ń gba owó àti agbára. Níbi èyí pẹ̀lú, bakitéríà kan lè ran ni lọ́wọ́, nítorí ó ń mú algae ṣù pọ̀ kí ó lè rì sísàlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí epo rẹ̀ kò bá tíì lè bá epo rọ̀bì díje lọ́jà, omi mímọ́ ni èrè àkọ́kọ́ tí ìlú lè retí. Epo yóò jẹ́ ẹ̀ẹ́nì.