Eji Kò Bẹ́nìkan Ṣọ̀rẹ́: Ọ̀dá Ọdún 1983 àti Àgbẹ̀ Kòkó Èkìtì

Ẹ̀yin òǹwòran wa, àwọn àgbà a máa wí pé eji kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bí gbogbo wa bá wà ní ìta gbangba. Ẹni tí òrùlé wà lórí rẹ̀ wá ńkọ́? Kókó ọ̀rọ̀ wa ni pé ojú ọjọ́ kan náà kì í fi ọwọ́ kan náà mú olówó àti tálákà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn. Láti ìparí ọdún 1982 wọ inú 1983, òjò wọ́n káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọyẹ́ mú, koríko gbẹ, iná ìgbẹ́ sì ran oko kòkó ní Gánà, ní Côte d'Ivoire, ní Tógò àti ní ilẹ̀ Yorùbá. Gánà, tí ó kó ju 550,000 tọ́ọ̀nù kòkó lọ ní 1964/65, kò kó tó 160,000 ní 1983/84. Iná nìkan kọ́ ni ó fa àdánù yìí, nítorí owó tí ìjọba ń san fún àgbẹ̀ ti kéré tipẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yẹ̀ ni ọ̀dá náà bá, tí ó sì tì í ṣubú.

Ilẹ̀ kòkó ni Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí wọ́n wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, kí a tó dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, igi kòkó ni báńkì àgbẹ̀: òun ni owó ilé-ìwé ọmọ, òun ni owó ìsìnkú òbí, òun náà ni a sì ń fi dógò bí gbèsè bá wọlé. Bí iná bá jó o, kì í ṣe ìkórè ọdún kan ni ó lọ. Èyí tí a bá tún gbìn a gba nǹkan bí ọdún 3 sí 5 kí ó tó so. Ẹni tí ó ní owó ìpamọ́ lè dúró dè é; ọmọ ẹni tí kò ní a kúrò ní ilé-ìwé.

Àwọn onímọ̀ ka gbígbóná omi òkun Pàsífíìkì, tí wọ́n ń pè ní El Niño, mọ́ okùnfà ọ̀dá náà. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ ru èéfín ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èéfín èédú àti epo rọ̀bì ni ó ń mú ayé gbóná sí i lóde òní. Áfíríkà, tí ó ní ju ìdá kan nínú mẹ́fà ènìyàn ayé lọ, kò tú ju nǹkan bí 4 nínú 100 èéfín náà lọ. Ní Copenhagen, ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ṣèlérí pé, nígbà tí yóò bá fi di 2020, àwọn yóò máa pèsè 100 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún fún àwọn tálákà. 2022 ni owó náà tó pé. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí a bá ń kọ ìtàn ọ̀dá, kí a má ṣe ka iye ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ nìkan. Kí a bèèrè ẹni tí ó ní òrùlé, ẹni tí kò ní, àti ẹni tí ó ká a kúrò lórí rẹ̀.