"i7" kọ́ ni agbára: bí ẹ ṣe lè ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó máa gbé iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ń gbé láàárín Lekki Phase 1 sí Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó, ẹ mọ̀ pé kò sí Sátidé tí ọkọ̀ kì í há síwájú gbọ̀ngàn àríyá kan. Ibi tí ìgbéyàwó bá pọ̀ sí, àwọn ọmọ tó ń ya fọ́tò àti fídíò á pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Badore. Lọ́dún tó kọjá, ó kó owó àjọ tó fi oṣù mẹ́jọ dá, ó fi ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, torí pé wọ́n lẹ "i7" mọ́ ọn lára. Ẹni tó tà á fún un ní, "Ọ̀gá mi, i7 ni o, ó máa fò."

Kò fò o. Fídíò ìgbéyàwó oníṣẹ́jú mẹ́wàá, alẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ńdà, ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀. Ìyàwó ń pè, ìyá ìyàwó ń pè. Níkẹyìn, ó dá ìdajì owó wọn padà.

Ìgbà tó gbé e wá bá mi, "Bọ̀dá, ẹ gbà mí," ni mo wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i7 yẹn: 4600U. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nọ́ńbà tó ṣáájú níbẹ̀ ló ń sọ ohun tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní "gen". 4th gen ni 4600U, ọdún 2013 ló jáde, core méjì péré ló ní. i5-8250U tó jáde ní 2017 jẹ́ 8th gen, core mẹ́rin ló ní. i5 yẹn á na i7 yẹn bí ẹni na ọmọ. (Tó bá jẹ́ 10 tàbí 11 ló bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì ni kẹ́ ẹ kà pọ̀.) Ẹ má ra Intel tí kò tó 8th gen. Ibẹ̀ náà ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025.

RAM ńkọ́? 8GB á gbé fọ́tò, fídíò fẹ́ 16GB. Tówó ò bá tó, ẹ ra èyí tó ṣeé fi kún tówó bá dé. ThinkPad T480 àti EliteBook 840 G5 ní ojú méjì tí wọ́n ti ń ki RAM bọ̀ ọ́. T480 tiẹ̀ tún ní bátìrì méjì: ẹ lè yọ ti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi òmíràn sí i, láìpa á. Fún àwa tí NEPA ń fi ṣeré, nǹkan ńlá nìyẹn. SSD ò ní àríyànjiyàn nínú, ó gbọ́dọ̀ wà.

Àléébù irú láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ni pé ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣú. Aṣọ ẹbí aláwọ̀ iyùn á dà bí osùn, oníbàárà á ní ẹ ba aṣọ òun jẹ́. Ẹ béèrè èyí tó gbé àwọ̀ sRGB dáadáa, tàbí kẹ́ ẹ máa fi mọ́nítọ̀ mìíràn wò ó.

MacBook Air M1, tó jáde ní November 2020, ni mo fẹ́ràn jù tágbára bá ká a. Ó ń gbé fídíò 4K, ṣájà 30W ló ń lò, inverter kékeré á gbé e. Ṣùgbọ́n RAM rẹ̀ kò ṣeé fi kún láé, 8GB tẹ́ ẹ bá rà lẹ máa lò. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ òkèèrè: ẹ ní kí wọ́n nù ún tán, kí wọ́n tún un tò lójú yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá "Remote Management" máa yọ. Tó bá ti yọ, ẹ sá. Àwọn láptọ́ọ̀pù géèmù náà dára, àmọ́ wọ́n ń jẹ iná, tí wọ́n bá sì ti kúrò lórí iná, agbára wọn á wálẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń sọdá Third Mainland lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí Ajah níbí lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ mú fídíò tẹ́ ẹ fúnra yín yà dání, pẹ̀lú DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ lórí flash. Ẹ fi í síbẹ̀, ẹ rẹ́ńdà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yọ ṣájà. Ẹ tẹ "powercfg /batteryreport" sí Command Prompt, kẹ́ ẹ fi Full Charge Capacity wé Design Capacity. Tí kò bá tó ìdajì mọ́, bátìrì ti kú nìyẹn, ẹ yọ owó ẹ̀ kúrò. Ti Mac, cycle count ni kẹ́ ẹ wò. 1000 ni Apple kà fún M1. Ọlọ́jà tó bá ní kẹ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Mi ò kọ iye owó síbí. Látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, iye tí wọ́n pè lọ́jọ́ Ajé lè má jẹ́ ti ọjọ́ Jímọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni kẹ́ ẹ pè láàárọ̀ ọjọ́ kan náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á tán, tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹ wá "proxy" nínú ẹ̀rọ ẹ́díìtì yín. Á ṣe ẹ̀dà fídíò náà ní kékeré, èyí lẹ máa gé, tẹ́ ẹ máa lẹ̀. Tó bá parí, ojúlówó lẹ máa rẹ́ńdà. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe lo oṣù márùn-ún nìyẹn kó tó rówó ra T480. Mo yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lánàá. Wọ́n ti mú iná lọ, ó ń gé fídíò ìyàwó kan ní Abraham Adesanya, bátìrì kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.