Èédú

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn ìyá wa ní Akotogbo, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, nígbà tí wọ́n ń sọ púpurú, oúnjẹ gbágùúdá, kalẹ̀ láti orí àjà, tí wọ́n sì ń fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ tí iná ti sọ di dúdú, títí funfun inú rẹ̀ fi yọ, ti mọ èédú kí ó tó mọ ìwé. Dú inú ọ̀rọ̀ yìí náà ni ó wà nínú dúdú, àti nínú adúmáadán tí a fi ń ki ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ ń dán. Èédú kì í ṣe orúkọ ẹ̀gàn rárá.

Kábọ̀n ni ó pọ̀ jù nínú èédú. Ní 2004, ní Yunifásítì Manchester, Andre Geim àti Konstantin Novoselov fi téèpù alẹ̀mọ́ lásán bó kábọ̀n inú pẹ́ńsù títí ó fi ku ìpele kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní graphene. Ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ohun kíún inú ẹ̀jẹ̀ bá bà lé e, iná tí ń gba ara rẹ̀ kọjá yóò yí padà, ẹ̀rọ yóò sì kà á. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde.

Nínú àwọn ohun tí a ń fi kábọ̀n ṣe láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, pélébé tí alátọ̀gbẹ ń kán ẹ̀jẹ̀ sí ni ó sún mọ́ wa jù: tàdáwà tí a fi kábọ̀n pò ni ọ̀nà dúdú ara ọ̀pọ̀ nínú wọn, òun ni ó ń gbé iná tí ṣúgà dá sílẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ. Ní tèmi, pélébé èédú ni kí a máa pè é.