Jíjí Ìdánimọ̀ Ẹni ní Òfìkì àti Ilẹ̀ Òkè-Ògùn

Jíjí ìdánimọ̀ ni kí ẹlòmíràn mú orúkọ ènìyàn, ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, àwòrán rẹ̀ tàbí ìtẹ̀ka rẹ̀, kí ó fi wọ́n ṣe ohun tí ẹni tó ni wọ́n kò mọ̀ sí: kí ó fi yá owó, kí ó fi kó owó inú báǹkì, kí ó fi ra síìmù tí yóò fi lu jìbìtì. Ní Òfìkì, ìlú àgbẹ̀ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ ATISBO ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti káàkiri Òkè-Ògùn, ó rọrùn kí ènìyàn ka irú olè yìí sí ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n olè náà kò nílò kọ̀ǹpútà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Níbi tí báǹkì ti jìnnà, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò sì lè ka ohun tó wà lójú fóònù wọn, ọwọ́ ẹni tí wọ́n ní kó bá àwọn tẹ̀ ẹ́ ni àṣírí máa ń gbà jáde.

Láyé àtijọ́, ilà ojú, oríkì orílẹ̀ àti agboolé ni wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀ lágbègbè yìí. Ẹni tó bá ní ọmọ agboolé kan ni òun, kí ọjà ó tó tú, ẹnìkan yóò ti yọjú tí yóò jẹ́rìí sí i tàbí tí yóò já irọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ló gba iṣẹ́ náà báyìí. Òfin ọdún 2007 ló dá àjọ NIMC sílẹ̀, àjọ tó ń fún ọmọ Nàìjíríà ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2014 ni Báǹkì Àpapọ̀ gbé BVN jáde, nọ́ńbà tí báǹkì fi ń dá oníbàárà mọ̀. Nọ́ńbà oní-díjíìtì 11 ni méjèèjì. Ìforúkọsílẹ̀ síìmù ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2011, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù ní NIN nídìí. Láti ọdún 2024, àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN kò ṣeé gba owó nínú rẹ̀ mọ́. Fóònù, owó àti orúkọ ti wá so mọ́ ara wọn débi pé ẹni tó bá rí ọ̀kan gbà lè fi wá èyí tó kù.

Ẹ wo bí ó ti yá tó. Bí ènìyàn bá tẹ *346# lórí síìmù tí a fi gba NIN, NIN yóò jáde. Bí ó bá tẹ *565*0# lórí èyí tí a fi gba BVN, BVN náà yóò jáde. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń yọ fún un. Wọ́n ṣe é láti fi ran ẹni tó gbàgbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tí fóònù ìyá àgbà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì lè mú nọ́ńbà méjèèjì lọ láìfọhùn.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta síìmù lábẹ́ agboòrùn ni ìtẹ̀ka ti máa ń sọnù jù. Oníbàárà yóò tẹ ìka, wọn yóò ní kò wọlé, kó tún un tẹ̀. Nígbà mìíràn òótọ́ ni, nítorí ọwọ́ tó ti di ọkọ́ mú láti kékeré kì í fi gbogbo ìgbà hàn lójú ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, síìmù kejì ni wọ́n fi ìtẹ̀ka náà ṣí, wọn yóò sì tà á fún ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ òun. Ọjọ́ pẹ́ tí irú síìmù bẹ́ẹ̀ ti wà níta: ní ọdún 2015, àjọ NCC tó ń ṣàmójútó ilé-iṣẹ́ fóònù bu owó ìtanràn tó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà lé ilé-iṣẹ́ MTN nítorí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí kò ní ìforúkọsílẹ̀ tó péye. Wọ́n padà dín owó náà kù sí bílíọ̀nù 330. Ní ìparí ọdún 2024, NIMC tún kìlọ̀ nítorí àwọn tó ń fi 1,500 sí 2,000 náírà ra NIN lọ́wọ́ aráàlú láti fi ṣí àkáǹtì. Ẹni tó ta NIN rẹ̀ ti ta orúkọ rẹ̀. Òun ni wọn yóò wá mú nígbà tí jìbìtì bá bẹ́.

Ọ̀dọ̀ oní-POS ni ó tẹ̀ lé e. Láìsí wọn, ẹni tó ta kaṣú tàbí iṣu ní Òfìkì yóò máa rìn jìnnà kó tó rí owó rẹ̀ gbà, n kò sì ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ wọn. Ohun tí kò dára ni kí oníbàárà na káàdì sí oní-POS, kó sì pe PIN sókè lójú àwọn tó wà lórí ìlà. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà náà, kódà bí ó bá pẹ́.

Àwọn olè mìíràn máa ń pe ènìyàn lórí fóònù. "Ẹ kú iṣẹ́ mà, láti báǹkì yín ni a ti ń pè, BVN yín ti fẹ́ kú. Ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún wa." Ìlérí owó ìrànwọ́ ìjọba náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Báǹkì kì í bèèrè nọ́ńbà tí òun fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́.

Ìṣọ́ra aráàlú nìkan kò tó o, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ gbangba. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative fi hàn pé ìkànnì ayélujára kan tó ń jẹ́ AnyVerify ń ta NIN àti BVN ọmọ Nàìjíríà ní ọgọ́rùn-ún náírà. Ìwé NIN mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, Bosun Tijani, wà lára ohun tí wọ́n rí rà. NIMC ní ẹnikẹ́ni kò ja ibi ìpamọ́ òun. Bí ó ti wù kó rí, ìwé náà ti wà lọ́jà.

Kì í ṣe pé wọ́n ń jí ti wa nìkan; ọmọ Yorùbá kan pẹ̀lú ti lo ìdánimọ̀ àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n jí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, wọ́n mú Abidemi Rufai, olùrànlọ́wọ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn nígbà náà, ní pápákọ̀ òfurufú JFK ní New York. Ó ti fi orúkọ àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jí gba owó ìrànwọ́ aláìníṣẹ́ nígbà àrùn kòrónà. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni ilé-ẹjọ́ dá fún un ní ọdún 2022.

Nínú ilé, ohun àkọ́kọ́ ni kí ìdílé yan ẹnìkan ṣoṣo, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí gbogbo wọn fọkàn tán, tí yóò máa bá àwọn àgbà tẹ fóònù. Kí síìmù àti fóònù ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí wọ́n bá ṣe fọ́tòkópì ìwé NIN, kí wọ́n ní kí oníkọ̀ǹpútà pa ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ rẹ́ lójú wọn, kí wọ́n sì sun èyí tó bàjẹ́, nítorí ìwé tí a jù nù lè padà di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà. Láti ọdún 2022, NIMC ti ní NIN àfidípò tó máa ń kú lẹ́yìn wákàtí 72; òun ló yẹ kí ẹni tó ní áàpù wọn máa fún àwọn tó bá bèèrè NIN.

Àwa fúnra wa náà sì ń fi ọ̀rọ̀ ara wa síta. Pátákó ìsìnkú máa ń gbé orúkọ olóògbé, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti orúkọ gbogbo ọmọ jáde. Àwòrán ìsọmọlórúkọ lórí Facebook ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkókó. Ọdún ìbí kò pọn dandan nínú méjèèjì.

Síìmù olóògbé gba àkíyèsí gan-an. Síìmù tí kò bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 180, ilé-iṣẹ́ lè pa á, tó bá sì pé ọdún kan, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á ni àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì yóò máa wọlé sí. Kí ọmọ tètè lọ sọ fún báǹkì pé òbí ti kú. Kí ẹni tó ń pa síìmù tì lọ yí nọ́ńbà fóònù tó wà nídìí àkáǹtì rẹ̀ padà.

Bí olè bá ti jí ìdánimọ̀ ẹni, ọ̀pọ̀ báǹkì ní kóòdù tí a lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹlòmíràn láti ti àkáǹtì. Kí a kọ ọ́ sórí ìwé nílé ṣáájú. Lẹ́yìn náà, kí ilé-iṣẹ́ síìmù ti ìlà náà, kí a sì lọ sí báǹkì àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún márùn-ún sí ẹ̀ṣẹ̀ yìí, òfin ọdún 2023 sì dá àjọ NDPC sílẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòwò. Bí gbèsè bá yọjú ní orúkọ ẹni, ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ ni ayánilówó sábà máa ń bèèrè. Kí ẹni tó ti Òfìkì wá sí Ṣakí, ìlú ńlá ní Òkè-Ògùn, gba méjèèjì kó tó padà sílé.