Ààlà Oko ní Laxton
Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé “tèmi ni tèmi” nìkan ni òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ nípa ilẹ̀. Abúlé Laxton, ní Nottinghamshire, ni ó yí èrò mi padà. Láàárín 1750 sí 1850, òfin pín oko gbangba tí àwọn ará abúlé jọ ń ro, wọ́n sọgbà yí i ká, ọ̀pọ̀ tálákà sì di aláìnílẹ̀. Ti Laxton bọ́. Oko ńlá mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. Ní ìparí Nòfẹ́ńbà, lẹ́yìn gbígbin àlìkámà, àwọn àgbẹ̀ tí a yàn a máa yẹ ààlà wò. Ẹni tí ó bá ro kọjá tirẹ̀ yóò san owó ìtanràn. Lójú tèmi, ojú aládùúgbò ń ṣọ́ ilẹ̀ ju ọgbà lọ.