Ilé Àwọn Ọmọ ní Topo

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaró dé Ayétòrò, bí ìyá ọmọ bá kú, ìyá àgbà ń bẹ, ẹ̀gbọ́n ìyá ń bẹ, àwọn ìyàwó ilé sì ń bẹ. Wọn yóò bá a wẹ egbò náà. Kí ni ó wá dé tí Ìjọ fi ní láti kọ́ ilé fún ọmọ tí kò ní ẹnìkan?

Ogun ni. Ní 1848, ogun Dàhòmì fọ́ Òkè-Ọ̀dàn. Ní 1886, ó pa Kétu run. Òbí ọmọ tí a kó lójú ogun lè wà láàyè, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ibi tí ó wà.

Ní 1876 ni àwọn Fadá SMA, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1856, tẹ Topo dó. Ẹ̀bá Àgbádárìgì ni ó wà, láàrin òkun àti ọ̀sà tí odò Yewa wa ń ṣàn sí. Wọ́n kó àwọn ọmọ aláìlóbìí àti àwọn tí a rà padà lóko ẹrú síbẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn ní ìwé, àdúrà àti iṣẹ́ oko. Àgbọn ni wọ́n gbìn jù. Ìrètí àwọn Fadá ni pé kí abúlé onígbàgbọ́ tí ń fi oko bọ́ ara rẹ̀ ti ibẹ̀ hù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà níhà méjèèjì. Àwọn ọmọ náà rí oúnjẹ jẹ, a kò sì tún tà wọ́n mọ́. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà wọ́n là náà ni ó ń pàṣẹ iṣẹ́ fún wọn, òun náà ni ó sì ń fún wọn ní orúkọ ìrìbọmi. Ta ni yóò wá kì wọ́n ní oríkì? Ẹni tí kò mọ ìdílé ọmọ kò lè kì í.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí a bá gbé ìrẹsì àti ọṣẹ lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí lónìí, ó dára. Ṣùgbọ́n kí a tún béèrè bóyá a kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni ó bí ọmọ yìí, ìlú wo ni ó ti wá, kí ni a ń pè é kí ó tó dé ibí? Ọmọ tí ó bá rí ìwé bẹ́ẹ̀ lè wá ilé rẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà.