Bí Bílíìṣì Ṣe Gba Ipò Májèlé Nínú Gbígbin Nǹkan Sínú Ìgò

Ní ọdún 1887, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìwádìí ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, ní òdìkejì ọ̀sà sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Láyé ìgbà náà, tìdí tìdí pẹ̀lú erùpẹ̀ ni wọ́n sábà ń kó irúgbìn sọdá òkun, inú erùpẹ̀ yẹn sì ni kòkòrò àti àìsàn ń fara pamọ́ sí. Báwo lèèyàn ṣe lè gbé irúgbìn láti ìlú kan dé òmíràn, kí àìsàn rẹ̀ má bàá a lọ?

Ọ̀nà tó gbéṣẹ́ jù lónìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní tissue culture. Wọ́n á gé ojú kékeré kan lára ẹ̀ka, wọ́n á gbìn ín sínú ìgò tí omi, ṣúgà àti oríṣiríṣi iyọ̀ wà. Gottlieb Haberlandt, ará Austria, ti dá a lábàá ní 1902. Ní 1952, Morel àti Martin ní ilẹ̀ Faransé fi ọ̀nà yìí gba òdòdó dahlia lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì. Ní 1962 ni Murashige àti Skoog gbé àpòpọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń lò káàkiri ayé títí dòní jáde.

Ṣùgbọ́n olú àti bakitéríà náà fẹ́ràn ṣúgà. Bí ẹyọ kan péré bá bá ẹ̀ka wọlé, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti bo ìgò. Dandan ni kí wọ́n pa ohun tó wà lára ẹ̀ka kó tó wọ ìgò, ibẹ̀ sì ni májèlé ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Robert Koch ti fi hàn ní 1881 pé mercuric chloride, iyọ̀ tó ní mẹ́kúrì nínú, lágbára púpọ̀ láti pa kòkòrò àìfojúrí. Àwọn dókítà lò ó, àwọn onímọ̀ ewéko náà sì gbà á. Gíráàmù kan nínú lítà omi kan, ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n mẹ́kúrì kì í jẹrà. Bí wọ́n bá dà á sínú gọ́tà, inú omi ló ń lọ, ó sì lè ti ibẹ̀ wọ ara ẹja. Ayé rí ohun tó lè ṣe ní Minamata ní Japan ní 1956. Ní Iraq, láàárín 1971 sí 1972, àwọn èèyàn jẹ irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn oní-mẹ́kúrì mìíràn tọ́jú. Ìjọba ibẹ̀ ka òkú 459. Fún Èkó tí omi yí ká, tí ẹja ọ̀sà sì jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà rárá.

Bílíìṣì ló gba ipò mercuric chloride. Láti nǹkan bíi 1789 ni Berthollet ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Paris láti fi mú aṣọ funfun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Dakin àti Carrel fi èyí tí wọ́n là fọ ojú ọgbẹ́ àwọn ọmọ ogun. Tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á di omi oníyọ̀ lásán.

Ní IITA, ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1967, bílíìṣì ni wọ́n ń lò fún ẹ̀gẹ́. Wọ́n á fọ ojú igi ẹ̀gẹ́, wọ́n á rì í sínú sípíríìtì fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, lẹ́yìn náà sínú bílíìṣì tí wọ́n fi omi là, tí wọ́n kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí kó lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó tó ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sínú èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀ fún mẹ́wàá, kí wọ́n sì fi omi tó mọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá pẹ́ jù, etí ẹ̀ka á funfun, kò sì ní hù. Bílíìṣì kì í pa fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú igi. Ooru ni wọ́n fi ń bá ìyẹn jà, kí wọ́n tó gé ṣóńṣó orí ẹ̀ka, tí kì í tó ìdajì mìlímítà. Irú ẹ̀gẹ́ inú ìgò bẹ́ẹ̀ ni IITA fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà láti àwọn ọdún 1980, níbi tí òfin ààbò irúgbìn kò ti jẹ́ kí igi lásán wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é l'Ékòó gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike dáadáa. Bílíìṣì ilé tiwa sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti Amẹ́ríkà sì máa ń lé ní 5. Ìwọ̀n tí ìwé òyìnbó kọ lè má tó fún wa. Èyí tó ti pẹ́ nínú oòrùn ní ọjà Òkè Àrìn tàbí Ìdúmọ̀tà á tún ti dín agbára kù. Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn ìfọṣàlángá tàbí ásíìdì láéláé: èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń pa èèyàn.

Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì ní 2013, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2018. Síbẹ̀, àwọn ìwé ìwádìí kan ṣì ń júwe mercuric chloride fún fífọ iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mi ò rí ìdí kankan fún un mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ìgò rẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín, ẹ má ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ lò, ẹ má sì ṣe dà á sí gọ́tà. Ẹ dé e pa, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹ sì fi í lé àwọn tó ń bójú tó ìdọ̀tí olóró lọ́wọ́.